Kí Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dírẹ́bà Tó Wọ Pópó Yemọja

Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀. Ìyá àgbà kan gbé igbá ẹ̀kọ rù, ó fẹ́ sọdá títì ní Pópó Yemọja, ní Ìbàdàn. Micra kan ń bọ̀ láti apá Ọjà'ba, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń ti òdìkejì bọ̀. Ìyá ò yí ọrùn, ẹrù orí ò jẹ́. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sí dírẹ́bà Micra, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí i. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Kò gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, ìka kan péré ló gbé sókè. Ìyá rí ìka yẹn, ó kọjá. Nígbà tó dé ẹ̀bá gọ́tà lódìkejì, ó ní, láìbojúwẹ̀yìn, "O ò ní fọkọ̀ pààyàn o." "Àmín, ìyá," ni ohùn kan dáhùn láti inú ọkọ̀, Micra sì ti lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ wọ irú àdúgbò yìí, ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń ríran, tó ń yí sítíárìn, àwọn kan ti ń ṣe é tipẹ́. Google bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2009, òun ló wá di Waymo, ó sì ti ń gbé èrò gba owó ní agbègbè Phoenix ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kejìlá 2018. Èyí tí kò tíì sí nínú ọkọ̀ náà ni ẹni tí ìyá ẹlẹ́kọ yóò na ọwọ́ sí.

N ò sọ pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ lọ́la o. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé ará àdúgbò ló yẹ kí á kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè gba ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dorí kodò. Ọkọ̀ ló ń bọ̀ wá bá wa, òun ni àlejò, àlejò ló sì ń kọ́ ìṣe ilé. Bí a ó ṣe kọ́ ọ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ wá bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ọjọ́ mẹ́ta ló kéré jù: ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, àti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ la ojú ewé sí mẹ́ta. Nínú àlàfo kìíní, ẹ kọ ohun tí ọkọ̀ ṣe. Nínú èkejì, ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ṣe. Nínú ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀: ọwọ́, ojú, orí, họ́ọ̀nù, iná, àbí ẹnu. Ẹ̀kẹta yìí ló máa kọ́kọ́ kún.

Ẹ ó rí i pé họ́ọ̀nù ní èdè. Kúkurú lẹ́ẹ̀kan: mo wà lẹ́yìn rẹ o. Méjì wéréwéré: dírẹ́bà ń kí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí ó ń bi ẹni tó dúró lẹ́bàá títì bóyá yóò wọkọ̀. Èyí tó gùn, inú ti ń bí i. Iná iwájú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lè máa sọ pé "máa kọjá", ó sì lè máa sọ pé "má dán an wò, èmi ni mò ń bọ̀". Báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Ẹ wo táyà. Bí ọkọ̀ bá ti ń dẹ̀ kó tó ṣẹ́ iná, ó yọ̀ǹda ni. Bí eré ò bá dín, ẹ yára yà. Àwọn tó ń ṣèwádìí lókè òkun náà ń rí i bẹ́ẹ̀: ìrìn ọkọ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ kọ́kọ́ ń kà, kó tó ka iná tàbí àkọlé kankan. Nítorí náà, kódà bí bíréèkì ọkọ̀ yín bá lè mú un dúró lójú ẹsẹ̀, kó má dúró bẹ́ẹ̀. Kó ti máa dẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹni tó fẹ́ sọdá rí i pé ó ń dẹ̀.

Ọjọ́ òjò ni ẹ ó rí èyí tí mo fẹ́ràn jù. Dírẹ́bà tó mọ ilé wa máa ń rọra kọjá nínú omi, kì í ṣe nítorí ọkọ̀, nítorí aṣọ ẹlòmíì ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ta ẹrẹ̀ sára agbádá funfun lọ́nà Jímọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dúró béèrè bóyá kọ̀ǹpútà ló wà á.

Nígbà tí ìwé bá kún, ẹ ṣa ogún ìṣẹ̀lẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ẹ kó wọn fún àwọn tó ń kọ ètò ọkọ̀ náà, kí wọ́n fi hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe. Ẹ má gba "yóò yanjú ẹ̀" lẹ́nu wọn. Ìdí tí mo fi le bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2018, ní Tempe, ìpínlẹ̀ Arizona, ọkọ̀ ìdánwò Uber pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ sọdá títì. Ẹ̀rọ rí i ṣáájú o. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní nǹkan mìíràn, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, títí ààyè fi tán. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọkọ̀ náà, ojú ẹ̀ wà lórí fóònù. Àjọ NTSB tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé àwọn tó kọ ètò ọkọ̀ ò rò ó mọ́ ọn pé ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá níbi tí a kò kun ìlà ìsọdá sí.

Ẹ wá bá mi wá ìlà ìsọdá ní Pópó Yemọja. Láti ẹnu ilé dé ẹnu ilé, gbogbo títì ni ìsọdá.

Ẹ kí onílé

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó tó, ẹ lọ kí àwọn tó ni àdúgbò. Ní Ìbàdàn, mọ́gàjí agboolé ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìyálọ́jà, àwọn àlùfáà mọ́ṣáláṣí, àti àwọn olórìṣà ní ilé Yemọja tí àdúgbò fi ń jẹ́ orúkọ. Ẹ má pè wọ́n sí gbọ̀ngàn kan láti wá wo àwòrán lára ògiri. Ilé wọn ni kí ẹ lọ.

Ẹ má sì béèrè pé, "Bí ọkọ̀ yìí bá dé, ṣé ẹ ó wọ̀ ọ́?" Wọ́n á ní, "A ó wọ̀ ọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣeé ṣe." Àdúrà nìyẹn, ọmọlúàbí ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdáhùn. Ẹ béèrè nípa ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ kẹ́yìn. Níbo lẹ jókòó sí, ìyá? Kí ló dé tí ẹ ò wọ èyí tó kọ́kọ́ dúró? Ìgbà wo lọ́kàn yín kò balẹ̀? Ìgbà yẹn ni ẹnu yóò ṣí.

Ohun tí ẹ ó gbọ́ jù ni ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ àti wan-ṣáǹsì. Ìlú yìí kò tíì gbàgbé igbó Sókà, ibùba àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2014. Kí èrò tó wọkọ̀, a máa ń wo ojú dírẹ́bà, a sì máa ń wo àwọn tó ti jókòó sínú ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ojú tí a lè wò, tó tún ń ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ohun tí a fi ń pa ọmọdé lẹ́kún ni. Nítorí náà, kí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, kí iná wà nínú ẹ̀ lálẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi lára ilẹ̀kùn débi pé ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè kà á. Kí ilẹ̀kùn ní ọwọ́ tí a ń fà láti inú, ọwọ́ irin gidi, tí ọkọ̀ yóò dúró fún nígbàkígbà tí a bá fà á. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ á ní bọ́tìnnì lórí gíláàsì fóònù ti tó. Kò tó. Ẹ jẹ́ kí màmá ọdún àádọ́rin fa nǹkan tó le lọ́wọ́.

Kí ẹ tó dìde nílé mọ́gàjí, ẹ béèrè ọdún. Láti Òkè'Bàdàn ní oṣù Kẹta dé ìgbà egúngún, àti ìgbà tí àwọn olórìṣà Yemọja bá jáde, títì wa kì í ṣe ti ọkọ̀. Máàpù inú fóònù ò mọ̀. Dírẹ́bà Micra mọ̀. Bó bá gbọ́ pé egúngún Olóòlù ti jáde, tí obìnrin sì wà nínú ọkọ̀, yóò yà bàrá gba àdúgbò mìíràn, nítorí obìnrin kì í rí Olóòlù. Ọkọ̀ tó bá gbé obìnrin mẹ́ta lọ pàdé rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà yẹn ló yá jù, ẹ ò ní rí àlàyé ṣe.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2024, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ní San Francisco, ọkọ̀ Waymo kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ wọ àárín èrò. Wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀, wọ́n ju báńgà sí i, ó jóná kanlẹ̀. Dírẹ́bà tó jẹ́ ọmọ ìlú ì bá ti mọ̀ pé títì yẹn kì í ṣe títì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ yan ẹnì kan ní agboolé kọ̀ọ̀kan tí ìpè kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ lè ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ yín, láìsí àlàyé, láìsí fọ́ọ̀mù.

Ohùn ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá máa sọ̀rọ̀, kó sọ Yorùbá tó jọ Yorùbá. Mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tí kò mọ àmì ohùn rárá. Ó fẹ́ sọ pé "Ọkọ̀ yín ti dé", ohun tó jáde ni "Ọkọ yín ti dé." Opó ló wà nídìí fóònù. Ó wò mí, mo wò ó, a kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó fi ohùn kankan sínú ọkọ̀, ẹ mú àgbàlagbà mẹ́wàá àdúgbò jókòó, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì sọ fún yín ohun tí wọ́n gbọ́. Kó mọ ìkíni àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. Fún àwọn tó wà lójú títì, àwọn alábàárù Ọjà'ba ti ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́: "Àgò o, àgò lọ́nà!" Ẹ lò ó. Kò sí ohùn pípì-pípì tó lè jọ ọ́.

Kó gbọ́ ọ̀rọ̀ èrò pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ kì í sọ pé òun fẹ́ dópin ìrìnàjò òun. "Ó wà o!" ló ń sọ. Nígbà míì ó tún máa ń fi kún un pé, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aláwọ̀ ewé yẹn," ilé tí wọ́n ti kùn ní funfun láti ọdún tó kọjá. Ẹ fi ìyẹn náà sínú ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ owó, n ò ní í pẹ́ níbẹ̀: bí ẹ ò bá rí ọgbọ́n ṣẹ́ńjì dá, ẹ má tíì gba owó.

Àmín ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kan dábàá pé kí a fi "Àmín" sínú ohùn ọkọ̀, kó máa dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá ṣàdúrà fún un. Mo ní rárá.

Egúngún orí àga

Ní 2017, ilé iṣẹ́ Ford àti àwọn olùwádìí Virginia Tech ṣe ohun kan tí ará Ìbàdàn á tètè lóye. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ṣe bó bá rí ọkọ̀ tí kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi ẹ̀mí ènìyàn dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n rán aṣọ kan tó jọ àga ọkọ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ fún dírẹ́bà láti orí dé ìtan, wọ́n ní kó máa wakọ̀ káàkiri ní apá àríwá Virginia. Ẹni tó wò ó láti ìta, àga òfìfo ló rí. Egúngún ni wọ́n gbé, wọn ò kàn mọ̀ pé egúngún ni. Wọ́n fi iná funfun sókè gíláàsì iwájú: bó bá tàn gbọnin, ọkọ̀ ń lọ, bó bá ń rìn lọ rìn bọ̀, ọkọ̀ fẹ́ dúró, bó bá ń ṣẹ́jú kíákíá, ọkọ̀ fẹ́ ṣí.

Ọ̀nà náà dára, owó rẹ̀ kò sì tó owó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é ní Pópó Yemọja bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ òfìfo tó ń rìn ní àdúgbò tí a kò ti sọ fún, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀, òkúta ti ń bọ̀, ènìyàn sì wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Ẹ gba pápá ilé ìwé kan ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ pe àwọn tí ẹ ti lọ kí nílé. Ẹ sọ fún wọn níṣàájú pé ènìyàn wà nínú àga, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń wọ aṣọ. Ẹ ó rò pé ìyẹn ba ìdánwò jẹ́. Kò bà á jẹ́. Àwa tí a mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ agọ̀ ń sá fún egúngún síbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ibo ni wọ́n dúró sí? Ìgbà wo ni wọ́n gbẹ́sẹ̀? Ẹ tan iná lọ́nà mẹ́ta, ẹ má ṣàlàyé ẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni iná ń sọ. Bí ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá ṣì í kà, iná ló kùnà, kì í ṣe wọn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ tún padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Àwọn dírẹ́bà ńkọ́?

Ẹni tó wa Micra láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò ní pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ tó fẹ́ gba iṣẹ́ ẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2024, àwọn awakọ̀ takisí ní Wuhan ní Ṣáínà fẹjọ́ sùn nítorí ọkọ̀ Baidu tí kò ní dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Èkó ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀sì BRT. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2008 ni bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Àwọn awakọ̀ danfo lójú ọ̀nà yẹn ló yẹ kó bá a jà. LAMATA, àjọ tó ṣètò rẹ̀, pe ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW jókòó, ẹgbẹ́ náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn náà sì di ara àwọn tó ń darí bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Bọ́ọ̀sì di tiwọn.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, ìjọba ti ká NURTW lọ́wọ́ kò ní 2019, nítorí náà kí ẹ tó dárúkọ ẹgbẹ́ kankan ní pààkì, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀ lónìí. Tó bá ti yé yín, ẹ mú dírẹ́bà márùn-ún tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ san owó ọjọ́ wọn fún wọn, kí wọ́n jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ni olùkọ́ ọkọ̀ náà. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn, àwọn ni yóò jókòó nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ á ní owó ń lọ síbẹ̀. Kó lọ.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní Pópó Yemọja. Ọ̀nà inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kó kọ́kọ́ rìn, ibi tí géètì wà, tí ẹ̀ṣọ́ wà. Tó bá pé oṣù mélòó kan, kó gun òkè Mápó ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, yí ká gbọ̀ngàn tó ti wà níbẹ̀ láti 1929, nígbà tí ọjà kò tíì kún. Lẹ́yìn náà ni kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ní kìlómítà mẹ́wàá fún wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ń sáré lè lé e bá. Ẹ jẹ́ kó lé e bá.

Ọjọ́ tó bá bàjẹ́

Ó máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé: ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ẹni tí yóò gbé ẹni tó farapa lọ sílé ìwòsàn, ẹni tí yóò lọ sílé mọ́gàjí kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́. Ní San Francisco, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2023, ọkọ̀ tí ènìyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sì ju obìnrin náà sí iwájú ọkọ̀ Cruise tí kò ní dírẹ́bà. Ọkọ̀ Cruise dúró, lẹ́yìn náà ó tún ṣí, ó ń wá ẹ̀bá títì lọ, ó sì wọ́ obìnrin náà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà ogún. Ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn, California gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà léwu, wọ́n sì tún ní ilé iṣẹ́ náà ò sọ gbogbo òótọ́ fún ìjọba. Ní oṣù Kejìlá 2024, General Motors tó ni Cruise kó owó rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ èrò tí kò ní dírẹ́bà.

Ní oṣù Keje ọdún 2023 yẹn kan náà, ṣáájú ìjàǹbá yìí, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ títì kan ti ń gbé kóònù ojú pópó lé bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á kàn dúró gbagidi. Àwọn ọmọ Pópó Yemọja á mọ ọgbọ́n yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú, kóònù kọ́ ni wọ́n máa lò, agbọ̀n ni. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà tí a lè fi ṣàròyé sára ọkọ̀, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá máa gbé e.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀

Ẹ má fi ìwé ìbéèrè wọn ìtẹ́wọ́gbà. Ẹ padà sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ ka iye ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ tún kà á lọ́sẹ̀ kẹjọ. Ẹ wo alákàrà tó wà lẹ́bàá títì: bí Micra bá ń bọ̀, ó máa ń fa àdògán rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wọn bó ṣe ń fà á sẹ́yìn fún ọkọ̀ tiyín. Bí àwọn kan bá ń bú ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń bú Micra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní àlàfo ẹ̀kẹta, ìròyìn ayọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà kí ẹ dúró de ìyá ẹlẹ́kọ ní aago méje. Kí ọkọ̀ ti máa dẹ̀ láti òkèèrè kí ìyá tó na ọwọ́. Bí ìyá bá kọjá láìdúró wá ojú ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, tó dé ẹ̀bá gọ́tà, tó sì ní "O ò ní pààyàn o", kí dírẹ́bà tó jókòó nínú ọkọ̀ yọ orí síta, kó ṣe àmín.